Ilé Bàbá Ìyàwó Kò Sí Ní Peckham

Nílé, bí ọkọ bá lu ìyàwó rẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni obìnrin náà ń sá lọ. Ibẹ̀ ni ẹbí ọkọ yóò ti wá bẹ̀bẹ̀, tí ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀, tí yóò ṣèlérí lójú gbogbo ẹbí. A kò ní parọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ yẹn dá padà sínú iná. Ṣùgbọ́n ojú ẹbí kì í kúrò lára ọkọ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí àwa Yorùbá pọ̀ sí Peckham, a kó ẹ̀bẹ̀ wá, a kò lè kó ilé bàbá wá. Àwọn àgbà á parí ìjà lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé ọkọ á ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò mọ̀?

Lọ́dún 1971 ni Erin Pizzey ṣí ilé ààbò sí Chiswick. Òfin ọdún 1976 wá fún kọ́ọ̀tù lágbára láti lé ọkọ tí ń lu ìyàwó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí ó fi ìwé ọkọ wọ ìlú yìí ń bẹ̀rù pé bí òun bá jáde, wọn á dá òun padà sílé. Southall Black Sisters, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, wà lára àwọn tí wọ́n jà títí tí ìjọba fi yí ìyẹn padà. Lọ́dún 2002 ó wọ inú ìlànà ìwọ̀lú.

Lọ́dún 2003, ní Cardiff, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní MARAC. Ọlọ́pàá, àwọn elétò ìlera, àwọn tó ń bójú tó ilé gbígbé àti agbẹnusọ obìnrin náà á jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ìpàdé ẹbí ni, àfi pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti dé Southwark wa yìí náà.

Ìwádìí tí alárinà ń ṣe kí a tó fọ́mọ fọ́kọ ńkọ́? Lọ́dún 2009, ní Salford, ọkùnrin kan tí ó ti hùwà ipá sí obìnrin mìíràn rí pa Clare Wood. Láti oṣù kẹta ọdún 2014, ẹnikẹ́ni ní England àti Wales lè bi ọlọ́pàá bóyá ẹni tí òun ń fẹ́ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Èèkó ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá inú ilé lọ́dún 2007.

Ọkọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kọjú sí. Drive bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016: òṣìṣẹ́ kan á dojú kọ ọkùnrin kan fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ẹlòmíràn á sì dúró ti obìnrin náà.