Òjìji Ihò Dúdú àti Ibi Tí Awòran Dúró Sí

Lọ́dún 1979, Jean-Pierre Luminet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọwọ́ ya ihò dúdú (black hole). Kọ̀ǹpútà IBM 7040 tó fi ṣe ìṣirò kò mọ àwòrán yà, nọ́ńbà nìkan ló ń pọ̀ jáde. Luminet bá mú tàdáwà, ó ń fi í sàmì kéékèèké sórí bébà: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni àmì ti ń ki. Nígbà tó wá yí dúdú padà sí funfun bí àwọn afọ́tò ṣe ń ṣe, òkùnkùn tí wọ́n ń pè ní òjìji ihò náà yọ láàárín, apá kan iná tó yí i ká sì mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, torí apá ibẹ̀ ni gáàsì tó ń pòòyì ti ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó. Lọ́dún 2019, tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Event Horizon Telescope gbé àwòrán ihò dúdú tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M87 jáde, apá kan rẹ̀ náà mọ́lẹ̀ jù.

Lójú tèmi, ìtàn ibi tí awòran dúró sí ni ìtàn òjìji yìí. Ihò tí Karl Schwarzschild ṣírò lọ́dún 1916 kì í pòòyì. Róbótó ni òjìji rẹ̀ láti ibikíbi. Roy Kerr ló ṣírò èyí tó ń pòòyì lọ́dún 1963. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, James Bardeen fi hàn pé ẹni tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ yóò rí òjìji tí apá kan rẹ̀ tẹ́. Ẹni tó bá wà lókè orí rẹ̀, róbótó ni yóò rí. Robert Geroch àti James Hartle tún fi tiwọn kún un lọ́dún 1982: ihò tí àwọn ohun tó wà láyìíká ń fà títí ìrísí rẹ̀ fi yí padà. Àwọn tó ṣírò òjìji irú èyí rí i pé fífà náà lè tẹ òjìji pàápàá.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló dé tí ti M87 fi róbótó? Ṣé kì í pòòyì ni? Ìyẹn kò tẹ̀ lé e. Ìtú gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ fi nǹkan bí dígírì 17 péré yà kúrò lójú ọ̀nà wa. Bí ihò náà bá ń pòòyì lórí ìlà yẹn, ìhà orí tàbí ìdí rẹ̀ la ti ń wò ó, ibi tí títẹ́ náà kì í ti í hàn. Àwọn mìíràn ní kọ̀ǹpútà ló hùmọ̀ òrùka iná tó yí òjìji náà ká nínú àwòrán 2019. Iyèméjì yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí awò ìràwọ̀ tí ẹgbẹ́ Event Horizon Telescope lò kò pé mẹ́wàá, àlàfo tí kọ̀ǹpútà dí sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ àwòrán kan náà fún ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́rin tí kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, òrùka kan náà ni gbogbo wọn sì mú wá. Bí ihò náà ṣe ń yára pòòyì tó ni òrùka yẹn kò tíì sọ; ẹni tó bá fẹ́ rí ìyẹn létí òjìji náà yóò ní láti gbé awò kúrò lórí ilẹ̀ ayé.