Ìdọ̀tí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo ohun tó bá ba omi jẹ́ ní ìdọ̀tí. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń ṣini lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ìṣe *dọ̀tí* la fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *ì-* sọ di ọ̀rọ̀ orúkọ. Ohun tí ojú rí pé kò mọ́ ni: ẹrẹ̀, pàǹtí, èérí ara aṣọ. A tún ń lò ó fún ìwà tí kò bójú mu. Àpẹẹrẹ: "Ìdọ̀tí ti dí ojú gọ́tà, omi kò ráyè ṣàn."

*Májèlé* ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Májèlé ń pani, kò sì pọn dandan kí ojú rí i. Ní Minamata, ní Jàpáánì, ilé-iṣẹ́ Chisso da omi ẹ̀gbin tó ní mẹ́kúrì sínú òkun láti 1932 títí di 1968. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú òkun gbà á sára, ẹja kéékèèké jẹ wọ́n, ẹja ńlá jẹ ìyẹn, ó sì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì, títí ó fi kan apẹja àti ọmọ inú oyún. Àwọn ológbò tó jẹ ẹja níbẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ń kú. Ní 1956 ni àwọn dókítà fi àìsàn tí mẹ́kúrì yìí fà tó àwọn aláṣẹ ìlera létí.

A lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú omi. Ṣùgbọ́n síse ẹja kò mú mẹ́kúrì kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, bí ẹnikẹ́ni bá da irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sódò, ẹ jọ̀ọ́, májèlé ni kí ẹ kọ.