Ìwé Ìgbéyàwó Lẹ́nu Ibodè: Láti Ọwọ́ Alárinà sí Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Físà

Ní Ìgbàrà-Odò Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìṣẹ̀ àti ní Ẹmùré, ènìyàn ni ẹ̀rí ìgbéyàwó láyé àtijọ́, kì í ṣe ìwé. Alárinà ni ó máa ń kọ́kọ́ wádìí: ṣé kò sí àrùn ìdílé níbẹ̀, ṣé wọn kì í ṣe onígbèsè, ṣé ẹnì kan kò ti san owó orí ọmọ náà tẹ́lẹ̀? Bí ìdáhùn bá tẹ́ ìdílé méjèèjì lọ́rùn, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ yóò dé, àwọn àgbà yóò wúre, ará ilé àti ará àdúgbò yóò sì rí i pé ọmọbìnrin náà ti di aya lágbájá. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn tí ó jẹ nínú iyán ọjọ́ náà ni ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tí yóò béèrè fọ́tò.

Lónìí, ọmọbìnrin ìlú kan náà tí ọkọ rẹ̀ wà ní London tàbí ní Houston lè ṣe gbogbo ètò wọ̀nyí tán, kí ọ̀rọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò kó fọ́tò ìdáná, ìwé ẹ̀rí kóòtù, àkọsílẹ̀ ìpè orí fóònù àti ìwé owó tí ọkọ fi ránṣẹ́ sínú àpò kan, yóò sì wọkọ̀ lọ sí Èkó, kí ẹni tí kò mọ ilé wọn rí lè sọ bóyá ìgbéyàwó náà jẹ́ òótọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di báyìí ní ìtàn tí ó gùn.

Ọdún 1884 ni ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Ìgbéyàwó fún Èkó. Òfin náà mú ìgbéyàwó ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá, tí ìjọba ń kọ sínú ìwé, ẹni tí ó bá sì ti wọ inú rẹ̀ tí ó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn di ọ̀daràn. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní irú aya méjì: aya tí ìlú mọ̀, àti aya olórùka tí ìjọba mọ̀. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó gbé ìjọ United Native African Church dìde ní Èkó ní 1891, ìjọ tí kò lé olóbìnrin púpọ̀ kúrò láàárín ọmọ ìjọ. Ó sì tó àárín àwọn ọdún 1950 kí ìgbìmọ̀ Privy Council ní London tó pinnu, nínú ẹjọ́ Bamgboṣe àti Daniel, pé ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ Yorùbá jẹ́ ojúlówó ọmọ tí ó lè jogún bàbá rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ogún l'Ékòó, London gbà pé ìdáná tó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ẹnu ọ̀nà London fúnra rẹ̀, èdè yí padà.

Ẹni tí ó bá rò pé aya adúláwọ̀ nìkan ni ibodè máa ń yà nípa kúrò lọ́dọ̀ ọkọ kò tíì gbọ́ ìtàn 1919. Lọ́dún náà, àwọn ènìyàn kọlu àwọn atukọ̀ adúláwọ̀ ní Liverpool, ní Cardiff àti ní àwọn èbúté mìíràn ní Bìrìtìkó. Ìjọba ṣètò láti kó àwọn atukọ̀ náà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti fẹ́ obìnrin òyìnbó. Àwọn aya wọ̀nyí fẹ́ tẹ̀lé ọkọ wọn. Ọ́fíìsì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ibùgbé tí ó yẹ wọn kò sí, owó tí ọkọ ń rí kò tó bọ́ wọn. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an ni kí ará Èkó má rí obìnrin òyìnbó tí ń gún iyán fún ọkọ dúdú, kí iyì aláṣẹ má bàa ṣubú. Ibùgbé àti owó ọkọ: kí òǹkàwé fi àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́kàn, nítorí wọn yóò padà wá.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀nà ṣí fún ìgbà díẹ̀. Lójú òfin, ẹni tí a bí sí Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ Ọba, nígbà tí ẹni tí a bí sí Èkìtì jẹ́ ẹni tí Ọba ń dáàbò bò lásán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kà sí àjèjì nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn ránṣẹ́ pe aya rẹ̀, aya náà wọ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ní Àpápá, ó sì gúnlẹ̀ sí Liverpool lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin Bìrìtìkó ti 1962, tí ó kọ́kọ́ dín wíwọlé àwọn ọmọ Kọ́múwẹ́ẹ̀tì kù, fi àyè sílẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dá aya ẹni tí ó ń gbé níbẹ̀ padà. Ní 1969 ni wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí aya gba ìwé àṣẹ ní ìlú rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ìyípadà yìí kéré lójú, síbẹ̀ òun ni ìyá gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí ó ti dé èbúté ni ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tí ń dúró dè é lẹ́yìn ọgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ni ó ń ṣàlàyé, ọkọ sì wà lókè òkun.

Ti àwọn ọkọ tún le ju ti àwọn aya lọ. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé ibi tí ọkọ bá wà ni aya ń lọ. Obìnrin tí ó bá ní kí ọkọ òun wá bá òun ń ṣe ohun àjèjì. Ní 1969 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ, ní 1974 wọ́n ṣí i, ní 1980 wọ́n tún mú òfin kan wá tí ó béèrè ìdí pàtàkì tí ènìyàn fi ṣe ìgbéyàwó. Bí òṣìṣẹ́ bá rò pé torí àtiwọ ìlú ni, a ó kọ̀ ọ́, kódà bí ìfẹ́ bá wà láàárín wọn. Ní 1983 wọ́n gbé ẹrù ẹ̀rí náà lé olùbéèrè lórí pátápátá. Ẹ wo irú ìbéèrè tí èyí jẹ́. Báwo ni ọkùnrin kan láti Ìgbàrà-Odò yóò ṣe fi hàn pé ohun kan kò sí lọ́kàn òun? Bí ó bá ní òun fẹ́ gbé ní London, ó ti jẹ́wọ́. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, kí ló wá ń tọrọ?

Àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń gbé ní Bìrìtìkó, Abdulaziz, Cabales àti Balkandali, gbé ìjọba lọ sí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, nítorí pé ọkùnrin lè pe aya rẹ̀ wá níbi tí obìnrin kò ti lè pe ọkọ rẹ̀. Wọ́n borí ní oṣù karùn-ún ọdún 1985. Èsì ìjọba yẹ kí a máa rántí rẹ̀. Wọn kò sọ àjàgà náà kalẹ̀ kúrò lọ́rùn àwọn ọkọ. Ńṣe ni wọ́n gbé e kọ́ àwọn aya lọ́rùn pẹ̀lú, kí ìyà náà lè dọ́gba. Ó di 1997 kí wọ́n tó fagi lé ìbéèrè ìdí pàtàkì yẹn.

Nígbà tí wọ́n pa ìbéèrè ọkàn tì, owó gba ipò rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2012, ẹni tí yóò pe ọkọ tàbí aya wá sí Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ máa gba 18,600 pọ́n-ùn lọ́dún. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ fọwọ́ sí òfin náà lápapọ̀ ní 2017, bí ó tilẹ̀ bá ìjọba wí lórí ọ̀ràn àwọn ọmọdé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 iye náà di 29,000. Yàtọ̀ sí èyí, owó ìtọ́jú ìlera tí olùbéèrè ń san ṣáájú jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ibùgbé àti owó ọkọ, gẹ́gẹ́ bí ti 1919.

Ní ìpele ìkẹyìn, ìwé ilé ni ó sábà máa ń dá ènìyàn dúró. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí, nítorí pé Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fíforúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn di dandan ní 1992, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbúra ọjọ́ orí kiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ti Ìkòyí nìkan ni òyìnbó mọ̀, wọn a sì máa sáré lọ sí Èkó láti tún ìgbéyàwó tí wọ́n ti ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn ṣe, bí irú èyí tí ó wà ní Ìlawẹ̀ fún àwọn ará Ìgbàrà-Odò. Ìwé òfin 1999 fúnra rẹ̀ ló fa àríyànjiyàn náà: ó fi ìdásílẹ̀ ìgbéyàwó olófin sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì fi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láre. Síbẹ̀, èrò Ìkòyí kò dín kù.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ń kọ́? Àṣà wa gbà kí àbúrò ọkọ dúró fún un níbi ìdáná bí òun fúnra rẹ̀ kò bá lè wá. Ní 2014, ìgbìmọ̀ kan tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àjèjì ní Bìrìtìkó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan yẹ̀ wò, ẹni tí wọ́n bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin ará Netherlands. Wọ́n ní kí ó fi hàn pé òfin ilẹ̀ obìnrin náà gbà á. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ mìíràn, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ọ̀nà náà padà, ó ní òfin ibi tí a ti ṣe ìgbéyàwó ni kí a wò. Ìdáná padà níyì, ṣùgbọ́n ní kóòtù ni.

Ohun kan tún wà tí òfin kì í sọ. Ẹni tí ń yẹ àpò ìwé wò ń wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú ìjíròrò orí fóònù. Aya tí a kọ́ ní ilé Èkìtì kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, “ẹ” ló ń lò fún un, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti jẹun?” ni ó sì ń kọ. Ọ̀wọ̀ tí ìyá rẹ̀ yóò fi yìn ín lè dà bí òtútù lójú àlejò.

Ní ti Amẹ́ríkà, òfin 1965 fi ọkọ àti aya ọmọ ilẹ̀ náà sí ipò tí kò ní òǹkà lọ́dún, òfin 1986 sì tako àwọn tí ń fi ìgbéyàwó ṣe màgòmágó: ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì yóò gba káàdì ọdún méjì, tọkọtaya yóò sì tún padà wá jẹ́rìí. Fún ará Nàìjíríà, ọ̀nà náà parí sí Victoria Island ní Èkó, lẹ́yìn àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n yàn, ìwé ọlọ́pàá àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wà nígbà tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde kan ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020. Láti ọjọ́ 21 oṣù kejì, wọ́n dá físà ìgbé fún ọmọ Nàìjíríà dúró, pẹ̀lú ti Eritrea, Kyrgyzstan àti Myanmar, wọ́n ní àwọn ìjọba wọ̀nyí kò pín ìròyìn ààbò bí ó ti yẹ. Àlejò àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣì lè lọ. Ẹni tí ó fẹ́ rìn kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọ̀nà. Aya ọmọ Amẹ́ríkà kò ní. Ní oṣù kẹta, àrùn Kòrónà ti àwọn ọ́fíìsì náà pa. Nígbà tí ìkéde mìíràn jáde ní oṣù kẹrin tí ó dá físà ìgbé dúró fún gbogbo ayé, wọ́n yọ ọkọ àti aya àwọn ọmọ Amẹ́ríkà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda náà kò ran ará Nàìjíríà lọ́wọ́, nítorí pé èyí àkọ́kọ́ ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn.

Ààrẹ Joe Biden fagi lé e ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2021, ọjọ́ tí ó gorí oyè. Àyẹ̀wò ìlera sì rèé, oṣù mẹ́fà ni ó sábà máa ń lò. Ẹni tí ó ti ṣe tirẹ̀ kí ìkéde tó dé ní láti tún wọkọ̀ láti Èkìtì lọ sí Èkó, kí ó tún san owó, kí ó tún na apá fún abẹ́rẹ́, kí ó tó padà sórí ìlà.