Òkú Kì Í San Kọmíṣọ̀n: Ọjọ́ Kan Nínú Bọ́ọ̀sì Arìnrìn-àjò Afẹ́ ní Beijing

Ìwé ìpolówó náà kò gùn. Sàréè ọba ìdílé Ming, Odi Ńlá ti Badaling, oúnjẹ ọ̀sán, afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Iye tí wọ́n dá lé gbogbo rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ alẹ́ èèyàn méjì lọ ní àárín ìlú Beijing. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré, wọ́n kọ ọ́ pé a ó tún yà ní ibi àṣà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó béèrè irú àṣà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Márùn-ún la jẹ́ láti Nàìjíríà, oníṣòwò mẹ́rin àti èmi tí mo bá wọn rìn. Ìpàtẹ ọjà Guangzhou, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1957, ni wọ́n bá wá. Wọ́n ti ra èyí tí wọ́n fẹ́ rà, ọjọ́ tí wọ́n máa wọ bàálù kò tíì pé, wọ́n ní kí àwọn kúkú lọ fojú kan Odi tí àwọn ti ń rí nínú ìwé láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgbà wa ni Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ara àwòrán tí a yà ni mo ti rí àwọn aago ìsàlẹ̀ yìí. Fóònù kì í gbàgbé ìṣẹ́jú.

6:10 àárọ̀

Bọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì wa. Àwa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, àwa la sì máa jókòó pẹ́ jù. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi yí ìlú ká láti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì: tọkọtaya kan láti Brazil, ìdílé ará Íńdíà kan pẹ̀lú ọmọ méjì, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan láti Filipíìnì, bàbá arúgbó ará Ọsirélíà kan tó ń dá rìn. Afinimọ̀nà wa, ọmọbìnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wa, nítorí orúkọ àti nọ́ńbà ìwé náà ni wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì Badaling sílẹ̀. Láti 2019 ni wọ́n ti pàṣẹ pé èèyàn tó máa wọ ibẹ̀ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju 65,000 lọ. Lẹ́yìn náà ló lẹ bébà róbótó kan mọ́ àyà ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, nọ́ńbà kan náà ló sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ó ní kí a má bàa sọnù ni.

7:40 àárọ̀

A dorí kọ àríwá. Afinimọ̀nà mú gbohùngbohùn. Mo rò pé ìtàn ìdílé Ming ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ òkúta jéèdì ló gbé sẹ́nu. Ó ní góòlù ní iye tí wọ́n ń tà á, jéèdì kò ní. Ó ní láti kékeré ni ìyá òun ti fi ẹ̀gbà jéèdì sí òun lọ́wọ́, pé lọ́jọ́ tí òun ṣubú, ẹ̀gbà ló fọ́, egungun òun kò ṣẹ́. Ó mọ ìtàn sọ. Alhaja fẹnu sí mi létí: "Ọmọ mi, ìpolówó ọjà nìyí o. Ọjà wo ni wọ́n ń gbé wa lọ?"

9:00 àárọ̀

Dingling, sàréè ọba Wanli, tó jọba láti 1572 títí di 1620. Mẹ́tàlá nínú àwọn ọba Ming ló wà ní ẹsẹ̀ òkè yìí, ṣùgbọ́n sàréè Wanli nìkan ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti wọ inú rẹ̀, ní 1956 sí 1957. Àtẹ̀gùn ń lọ sísàlẹ̀ títí, òtútù inú ilẹ̀ sì ń gbani lára. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ àwọn yàrá náà, ìtẹ́ òkúta funfun wà níbẹ̀, pósí pupa ńláńlá náà wà níbẹ̀. Pósí òní kọ́ ni ti ọba: àfarawé ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ní 1966, nígbà tí Ìyípadà Àṣà ti Mao gbóná, àwọn ọ̀dọ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ Pupa kó egungun ọba àti ti àwọn ayaba rẹ̀ méjì jáde, wọ́n dáná sun wọ́n. Mo ti ka ìtàn yìí kí n tó wá. Afinimọ̀nà kò mẹ́nu bà á. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tó fi na àsíá rẹ̀ sókè pé ká máa bọ̀. Ó bí mi nínú nígbà náà, kó tó di pé mo mọ ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Òkú kì í san kọmíṣọ̀n.

9:55 àárọ̀

Ibi àṣà àkọ́kọ́ ni ilé jéèdì. Bọ́ọ̀sì tó dúró síwájú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà ní sàréè lọ. Ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù dúdú gbà wá lẹ́nu ọ̀nà, ó wo nọ́ńbà àyà wa, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i pé Alhaja náà rí i. Wọ́n mú wa kọjá lẹ́yìn gíláàsì níbi tí ọkùnrin mẹ́ta ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ òkúta, a wo ìyẹn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n fi jéèdì ha gíláàsì kí a lè rí i pé gíláàsì ló máa bó, jéèdì kò ní bó. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù kan hàn wá tí bọ́ọ̀lù mìíràn wà nínú rẹ̀, tí òmíràn tún wà nínú ìyẹn, tí gbogbo rẹ̀ ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ nínú ilé kan ló dúró fún. Iṣẹ́ ọwọ́ náà wuni gan-an, n kò lè purọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ó gbòòrò ju pápá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó ń yí, ó ń lọ́, káńtà lápá ọ̀tún, káńtà lápá òsì, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè jáde láìkọjá níwájú gbogbo wọn. Ará Ọsirélíà ní òun fẹ́ lọ jókòó nínú ọkọ̀. Awakọ̀ ti ti ọkọ̀, ó ti lọ mu sìgá.

Alhaja ló fún wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbà kan tí wọ́n pè ní 3,800 yuan. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó wo òmíràn, ó tún gbé e. Ẹni tó ń tà á tẹ ẹ̀rọ ìṣírò, ó fi 2,600 hàn án. Alhaja yí padà. Ó di 1,500. Alhaja rìn lọ. Nígbà tí a fi dé ìparí gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin náà ti sáré tẹ̀lé wa pẹ̀lú 400 lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Alhaja kò rà á. Ó ní: "Ohun tó lè já bọ́ láti orí 3,800 dé 400, kí ló kù nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti òkúta? Owó ẹni tó gbé wa wá ni gbogbo ìyókù." Ìyàwó ará Brazil ti ra irú rẹ̀ ní 1,800.

11:20 òwúrọ̀

Oúnjẹ ọ̀sán wà ní òkè ilé ìtajà náà. Ìrẹsì, ẹ̀fọ́, adìyẹ tí egungun rẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, inú gbọ̀ngàn yẹn kan náà la tún gbà jáde.

1:10 ọ̀sán

Odi Ńlá. Kí a tó gùn ún, afinimọ̀nà ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ kó rẹ òun san owó ọkọ̀ tí ń fi okùn rìn lójú òfuurufú; owó yẹn kò sí nínú ohun tí a ti san. Ó sọ ọ́ bíi pé ẹsẹ̀ kò lè gbé èèyàn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ san án. Irọ́ ni: àtẹ̀gùn ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ń gùn ún. Ohun tí kò sọ ni pé apá àríwá ni gbogbo èrò ń rọ́ lọ, pé apá gúúsù kò ní èrò tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro gùn díẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi gbà.

Kí ni mo lè sọ nípa Odi náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ? Ó ń gun ẹ̀yìn òkè lọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, títí ojú kò fi rí i mọ́. Apá tí a dúró sí yìí, ayé Ming ni wọ́n kọ́ ọ, ayé tiwa ni wọ́n tún un ṣe. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ṣí i fún àlejò, ibẹ̀ náà sì ni Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, gùn ní February 24, 1972. Atẹ́gùn rẹ̀ le. Alhaja gùn dé ilé ìṣọ́ kejì, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wo ìsàlẹ̀. "Ta ló ru bíríkì yìí dé òkè?" Mo ní àwọn ọmọ ogun ni, àti àwọn tálákà tí wọ́n kó wá. Ó mi orí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 2:20, àsíá ti ń jù nísàlẹ̀. Àádọ́rin ìṣẹ́jú.

2:45 ọ̀sán

Ọ̀nà àbọ̀. Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ afinimọ̀nà, mo bi í bí owó tí a san ṣe ká epo, awakọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò ká a. Ó ní òun kò ní owó oṣù. Ìpín nínú ohun tí a bá rà ni òun ń jẹ, awakọ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gba owó wa ń jẹ nínú rẹ̀, nọ́ńbà àyà wa ni ilé ìtajà sì fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa sanwó fún. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ kan burú ju tòun lọ: afinimọ̀nà ni yóò sanwó fún ilé iṣẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wọ ọkọ̀, yóò wá lọ wá owó náà padà lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Tí èrò kò bá ra nǹkan, ó ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Ará Ṣáínà fúnra wọn ni ìwà yìí ti fìyà jẹ jù, kì í ṣe àlejò bíi tiwa. Ní 2010, fídíò afinimọ̀nà kan ní Hong Kong tó ń bú àwọn èrò láti Ṣáínà nítorí pé wọn kò ra nǹkan tó pọ̀ tó gba ìlú kan. Ní May 2015, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Yunnan, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ afinimọ̀nà náà. Láàárín méjèèjì ni òfin ìrìnàjò afẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní October 1, 2013. Ẹ̀ka 35 rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi owó tó rẹlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ tan èèyàn wọ ọkọ̀ kó wá máa jẹ kọmíṣọ̀n nílé ìtajà, kò sì gbọdọ̀ yan ilé ìtajà fún èrò. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè ní kí ilé iṣẹ́ náà bá òun dá ọjà padà, kó sì kọ́kọ́ yọ owó náà fún òun, láàárín 30 ọjọ́ tí ìrìnàjò bá parí. Ní 2017, ìjọba Yunnan tún gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ láti fòpin sí yíyan ilé ìtajà fún èrò.

Kí ló dé tí ilé jéèdì fi kún fún bọ́ọ̀sì? Òfin fi àlàfo kan sílẹ̀: tí èrò bá fọwọ́ sí i, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ibi àṣà mẹ́ta tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ, tí a sì fọwọ́ sí, ìyẹn ni. N kò bínú sí ọmọbìnrin náà mọ́. Ẹni tó ta wákàtí mẹ́tàlá fún wa ní owó oúnjẹ alẹ́ ló yẹ kí a bínú sí, àti àwa tí a rà á.

4:00 ìrọ̀lẹ́

Ibi àṣà kejì jẹ́ ilé ìwòsàn ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí a ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí wọ́n fi ewé sè, ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn Odi ó sì dùn gan-an. Bí ẹsẹ̀ ti ń rọ̀ ni àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun wọlé pẹ̀lú ògbufọ̀. Wọ́n di ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan mú díẹ̀, wọ́n wo ahọ́n rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀dọ̀ gbogbo wa ló ń ṣàárẹ̀, àti ará Íńdíà, àti ará Brazil, àti èmi. Oògùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ fún olúkúlùkù, owó rẹ̀ ju ti ìrìnàjò náà lọ lọ́nà mẹ́wàá. Kì í ṣe pé egbòogi Ṣáínà kò ní láárí: artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́mísìtì, ara ewé qinghao ni Tu Youyou àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti rí i, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015. Ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ẹsẹ̀ tútù wa yìí, ọjà ni. Alhaja fa ọwọ́ rẹ̀ yọ: "Ẹ sọ fún un pé àgbo wà nílé." Bàbá ará Ọsirélíà ra oògùn tirẹ̀.

5:25 ìrọ̀lẹ́

Ibi àṣà kẹta, ilé tíì. Ife kékeré, tíì oríṣiríṣi, àti ọmọkùnrin amọ̀ kan tó máa ń tọ̀ bí omi tí wọ́n dà sí i lórí bá gbóná tó. Àwọn ọmọ ará Íńdíà rẹ́rìn-ín títí. Àádọ́ta ìṣẹ́jú.

6:40 alẹ́

Pápá ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́ Ẹyẹ wà nínú ìwé ìpolówó. Ojú fèrèsé ọkọ̀ la ti wò ó. Ibẹ̀ ni Argentina ti fi góòlù kan tí Di María gbá sínú àwọ̀n na Nàìjíríà nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì, August 23, 2008, iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ rekete bí a ti ń kọjá lọ.

7:15 alẹ́

Wọ́n já wa sílẹ̀ níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Afinimọ̀nà ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ilé ìtajà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba igba ìṣẹ́jú, Odi gba àádọ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, tí Beijing bá wù yín lẹ́yìn ọjà, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé yín kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ilé ìtajà kankan lójú ọ̀nà, kí ẹ tó sanwó. Yóò wọ́n, ṣùgbọ́n owó Odi ni ẹ ó san. Ẹni tó bá sì lè dá rìn, 40 yuan ni tíkẹ́ẹ̀tì Badaling nígbà tí èrò pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ń lọ láti Beijing sí abẹ́ òkè náà láti ìparí 2019, nǹkan bíi ìdajì wákàtí ni. Bọ́ọ̀sì ìjọba nọ́ńbà 877 náà ń lọ tààrà láti Deshengmen. Ẹni tó bá pàdé yín nítòsí ibùdókọ̀ yẹn, tó ní 877 kò ṣiṣẹ́ lónìí, ọkọ̀ tirẹ̀ ló fẹ́ kí ẹ wọ̀.