Oníbodè, Kì í Ṣe Olùdámọ̀ràn

Nígbà tí Gregor Kiczales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC gbé AspectJ, èdè fún ìlànà ètò kọ̀ǹpútà oníhà ("aspect-oriented programming"), jáde, "advice" ni wọ́n pe iṣẹ́ tí ń dá ètò lọ́nà. Warren Teitelman ti lo ọ̀rọ̀ náà ní MIT lọ́dún 1966. Ẹni tó bá kánjú túmọ̀ rẹ̀ yóò mú "ìmọ̀ràn", ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa wọ́. Èèyàn lè gbọ́ ìmọ̀ràn kó má gbà á. Ẹ wo bí AspectJ ṣe ń ṣe é: kíláàsì Akanti ní iye owó nínú, ìlà kan sì fẹ́ fi iye tuntun síbẹ̀. "set(int Akanti.owo)" ti sàmì sí ojú ibẹ̀, "args" á fi iye tó ń bọ̀ han iṣẹ́ tó dúró dè é. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ "around", àfi tó bá pe "proceed" ni iye yẹn fi lè wọlé. Bí kò bá pè é, iye àtijọ́ á wà bó ṣe wà, ètò á máa bá tirẹ̀ lọ, àṣìṣe kankan kò ní yọjú. Oníbodè lèyí, ẹni tí ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu odi ìlú, tó lè ní kí ẹlẹ́rù kọjá tàbí kó padà.

Bí a bá gba oníbodè, ibi tó lè dúró sí di bodè, èyí tí a bá sì yàn nínú wọn di àṣàyàn bodè. Ibi tí iye ń gbé lára ohun kan, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "field", kì í ṣe pápá. Àpò ló bá a mu, nítorí ara ẹ̀wù ni àpò wà. AspectJ kì í ṣọ́ iye tí ìlànà iṣẹ́ kan dì mọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ti inú àpò nìkan ló ń ṣọ́. Fún iṣẹ́ fífi iye síbẹ̀, kí a yẹra fún "ìfiyesí": bí àmì ohùn bá ti bọ́ lórí rẹ̀, bó ṣe sábà máa ń bọ́ lórí fóònù, "ìfiyèsí" ni òǹkàwé máa kà. "Fífi iye sápò" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rú ẹnikẹ́ni lójú.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ kóòdù, kí la fẹ́ fi èyí ṣe? Kí "set" àti "proceed" dúró bí wọ́n ṣe wà; àlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe ló nílò ọ̀rọ̀ Yorùbá, àlàyé yẹn gan-an sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Àwọn mìíràn á ní bodè ti di ohun àtijọ́. Irọ́ ni. Títí dòní, aṣọ́bodè ni ìròyìn ń pe àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Kódà ọ̀rọ̀ náà ti ń bí ọmọ: iye tó bá gba ọ̀nà "reflection", níbi tí ètò ti ń yẹ ara rẹ̀ wò tó sì ń yí i padà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ àpò kì í kọjá lójú oníbodè AspectJ rárá, fàyàwọ́ sì ni Yorùbá ń pe ẹrù tó bá wọlé bẹ́ẹ̀.