Ìtàn Eyín Dídí: Láti Dúdú Dé Funfun

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ nǹkan. Àkókò owó orí ló dé, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó mọ bó ṣe ń rí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sókè: eyín, ẹyin, ẹ̀yìn, ẹ̀yin. Eyín ló wà lẹ́nu. Ẹyin ni adìẹ ń yé. Ẹ̀yìn ni a fi ń pọn ọmọ. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni a ó sọ lónìí.

Ní oṣù tó kọjá, dókítà rí ihò kékeré kan nínú eyín ẹ̀yìn ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sunkún. Ohun tó béèrè ni pé, "Dádì, ṣé tèmi náà máa dúdú bíi tiyín ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀. Eyín mẹ́ta ni wọ́n fi irin dí fún mi ní 2003, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbí ní London. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu.

Ó mú mi rántí àbúrò bàbá mi obìnrin. Eyínfúnjowó ni màmá mi ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ, nílẹ̀ wa ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ohun tó dára lára onítọ̀hún ni yóò fi pè é. Owó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe pọ́n-ùn o. Owó ẹyọ ni, funfun báláú.

Àwọn baba wa ń pe àrùn tó ń gbẹ́ eyín ní kòkòrò eyín. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ gbà bẹ́ẹ̀, òyìnbó náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1728, Pierre Fauchard, dókítà eyín ní ilẹ̀ Faransé, kọ nínú ìwé ńlá rẹ̀ pé òun wá kòkòrò náà, òun kò rí i. Ní 1890 ni Willoughby Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ ṣúgà tó kù lẹ́nu, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì náà ló ń yọ́ eyín. Àwọn baba wa kò jìnnà sí òótọ́. Kòkòrò náà kàn kéré ju bí wọ́n ṣe rò lọ ni.

Kí ni a ó wá fi dí ihò náà? Wúrà ni olówó ń lò. Ní nǹkan bí 1826, Auguste Taveau ní Paris po fàdákà mọ́ mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi. Ó máa ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ihò, á sì le gbagidi. Amalgam ni wọ́n ń pè é. Ó dé New York ní 1833. Inú bí àwọn dókítà eyín ibẹ̀ débi pé ní 1845 ẹgbẹ́ wọn ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní lò ó. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1856. Amalgam kò lọ síbì kan. Kò wọ́n, ó lágbára, ó sì ń pẹ́. Tèmi ti lé ní ogún ọdún, kò mì.

Ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Dókítà ní láti gbẹ́ ihò náà kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, bí ìkòkò, kí irin náà má baà jábọ́. Ìyẹn ni pé wọ́n ń gbẹ́ eyín tó dára dànù. Èmi tí mò ń ṣírò owó, mi ò fẹ́ràn irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Fún eyín iwájú, wọ́n gbìyànjú ohun funfun. Wọ́n lo irú sìmẹ́ńtì kan, silicate. Itọ́ ń yọ́ ọ lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n lo acrylic, tó dà bíi rọ́bà líle. Ìyẹn ń sún kì bó ṣe ń gan, àlàfo á wà létí rẹ̀, kòkòrò á tún gba ibẹ̀ wọlé. Wàhálà náà ò kúkú sí nínú àwọ̀. Kí nǹkan lẹ̀ mọ́ eyín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹni tó rí ọ̀nà rẹ̀ ni Michael Buonocore, ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ New York. Ó mọ̀ pé ní ilé-iṣẹ́, wọ́n máa ń fi phosphoric acid pa ojú irin kí wọ́n tó kùn ún, kí ọ̀dà lè mú. Ó dán an wò lára eyín, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1955. Ó fi ásíìdì náà sójú eyín fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ó ṣàn án kúrò, ó wá fi acrylic lé e. Ó dì mọ́ ọn ju ti eyín tí kò fi ásíìdì pa lọ fíìfíì. Ìdí ni pé ásíìdì náà ń dá ihò wínníwínní sójú eyín. Ohun olómi náà á ṣàn wọ inú wọn, bó bá fi máa gan, ó ti ta gbòǹgbò. Bíríkìlà ilé wa mọ èyí: ògiri tó bá ń dán, yóò kọ́kọ́ ṣá a lójú kó tó rẹ́ ẹ. Ẹ sì wò ó, ásíìdì ló ń ba eyín jẹ́, ásíìdì náà ni wọ́n tún fi ń tún un ṣe!

Rafael Bowen, tó ń ṣiṣẹ́ ní National Bureau of Standards ní Washington, ló ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi lé e. Ó po irú oje tuntun kan mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta tó dà bíi dígí. Ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1962. Òun ni bàbá composite tí dókítà ń lò lónìí. Lẹ́yìn 1970 ni iná tó ń mú un gan dé. Iná búlúù ni wọ́n ń lò báyìí. Níbí ní London, Alan Wilson àti Brian Kent gbé glass ionomer jáde ní 1972. Ìyẹn ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, kò sì nílò iná mànàmáná rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì. Ní Minamata, ní Japan, ilé-iṣẹ́ kan da mẹ́kúrì sínú òkun; àwọn tó jẹ ẹja ibẹ̀ ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ kú. 1956 ni ìròyìn àìsàn náà jáde. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 láti dín mẹ́kúrì kù, ti inú eyín náà wà nínú rẹ̀. Láti July 2018, níbí àti ní European Union, wọn kì í fi amalgam dí eyín ọmọ tí kò tó ọdún 15 mọ́, àfi tí dókítà bá rí ìdí pàtàkì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí èyí sáré lọ yọ tiyín o. Bó bá ṣì dára, ẹ fi í sílẹ̀. Yíyọ rẹ̀ gan-an ló ń tú mẹ́kúrì jáde. Èmi náà fi tèmi sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé èyí funfun kì í sábà pẹ́ tó irin lára eyín ẹ̀yìn, torí náà fífọ eyín kò tíì parí.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi gba fóònù mi, ó tan iná rẹ̀, ó la ẹnu síwájú dígí. Ó wá eyín tí wọ́n dí títí, kò rí i. Ó ní kí èmi náà la ẹnu kí òun ka tèmi.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá yín orúkọ tí ó ń pe àwọn àbúrò bàbá yín, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.