Ohun Tí Ń Jí Ẹ̀rọ Tí Ìrántí Rẹ̀ Dàrú

Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí kọ̀ǹpútà, kò tíì mọ iṣẹ́ tí a rán an. Àṣẹ kékeré kan tí a ti tọ́jú sínú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kà, òun ni ó sì ń fà á lọ́wọ́ dé ibi tí àwọn àṣẹ yòókù wà. Bí ibi ìrántí tí àṣẹ wà bá wá dàrú ńkọ́? Ta ni yóò jí ẹ̀rọ tí ó wà níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tó? Ìtàn ìrìn-àjò gbalasa òfuurufú fi ìdáhùn méjì hàn.

Ìdáhùn kìn-ín-ní ni pé kí a kọ àṣẹ náà lọ́nà tí kò fi ní lè parẹ́. Ibi ìrántí méjì ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ Apollo ní. Ọ̀kan gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà 2,048, ó sì ṣeé pa rẹ́. Èkejì gba 36,864. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n fi ọwọ́ hun wáyà rẹ̀ mọ́ àwọn òrùka kéékèèké. Wáyà tí ó gba inú òrùka kọjá dúró fún oókan, èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sì dúró fún òdo. Bí iná tilẹ̀ kú, ohun tí a hun kò tú.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Agẹmọ, ọdún 1969, bí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ti ń sọ̀kalẹ̀ sójú òṣùpá, iṣẹ́ wọ kọ̀ǹpútà náà lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń da iṣẹ́ tí kò pọn dandan nù, ó ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mú iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ níbi tí ó bá a dé. Àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ láìfarapa.

Síbẹ̀, ohun tí a hun kò ṣeé túnṣe lójú ọ̀nà. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀rọ ìkẹyìn fi ń lo ìrántí tí a lè pa rẹ́ kí a sì tún kọ. Èyí ní ewu tirẹ̀. Ọkọ̀ aláìlawakọ̀ Spirit, tí NASA rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, gúnlẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2004. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ohùn rẹ̀ dàrú. Fáìlì ti pọ̀ jù nínú ìrántí rẹ̀. Bí ó ti ń jí láti ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dákú. Ó lé ní ọgọ́ta ìgbà tí ó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò rí oorun sùn lóru, agbára bátìrì rẹ̀ sì ń tán lọ.

Àwọn tí ó kọ́ ọ ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Láti Pasadena, ní California, wọ́n pàṣẹ fún un pé kí ó jí láìfọwọ́kan ìrántí tí ń dà á láàmú. Ó gbọ́. Wọ́n wá àìsàn náà rí, wọ́n sì nu ìrántí náà mọ́ ní oṣù Èrèlé. Ọkọ̀ tí a rán ní iṣẹ́ 90 ọjọ́ ń bá ayé sọ̀rọ̀ títí di oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2010.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni ìtàn méjèèjì kọ́ni: ohun tí yóò jí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbára lé ohun tí ó lè dàrú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ púpọ̀ lónìí fi ń tọ́jú ẹ̀dà àṣẹ méjì, kí èkejì lè dìde bí ọ̀kan bá ṣubú.